"Ọmọ Mi Mọ Ọkọ̀ Wà, Ìgò Kan Péré Ló Sì Ń Mu": Ìdáhùn sí Ìyá Kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 21 lóṣù tó kọjá. Ó ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, òun ló sì máa ń gbé mi lọ sọ́jà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì; n kò rí àléébù kankan nínú ìwakọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin a máa gbé ọkọ̀ mi jáde, òórùn ọtí a sì máa wà lára rẹ̀ nígbà tó bá dé. Ó ní ìgò bíà kan péré ni òun ń mu, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé òfin ọ̀dọ̀ wọn kò lòdì sí ìgò kan, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun sì ni ojú kejì òun lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ wọn kan ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ lọ kí wọ́n padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa, tí ẹ kọ̀wé nígbà tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ìjàmbá ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ìbéèrè mẹ́ta ló wé mọ́ ara wọn níbẹ̀: ṣé ìgò kan lè ṣe awakọ̀ ní nǹkan, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ inú ọkọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ni àbí wọ́n ń ṣe é ní jàǹbá, àti pé ṣé kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹrin wà lábẹ́ wọn tí ẹ kò bèèrè síta, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn: báwo ni ọmọ tó ń gbé mi lọ sọ́jà láìsí wàhálà ṣe lè di ẹni tí à ń bẹ̀rù fún?

Nígbà tí ẹ bá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ apá kan nínú ìwakọ̀ rẹ̀. Kò ní í sá eré àsápajúdé nítorí pé ẹ óò pariwo, kò ní í fọwọ́ kan fóònù nítorí pé ẹ óò rí i, ọ̀sán ni, ojú ọ̀nà tó mọ̀ dunjú sì ni. Kì í ṣe pé ó ń tàn yín jẹ. Ó kàn ń wakọ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wò ni. Lọ́dún 2012, àjọ kan tó ń ṣèwádìí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, AAA Foundation, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn awakọ̀ ọmọ ọdún 16 àti 17. Wọ́n rí i pé bí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà nínú ọkọ̀, ewu kí awakọ̀ ọ̀dọ́ náà kú nínú ìjàmbá a fi ìdá 62 nínú 100 dín sí ti ìgbà tó bá ń dá wà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ló kó sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí àgbàlagbà kankan láàárín wọn, ewu náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ kan náà ni o; àwọn tó jókòó tì í ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ìrìn ọjà yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ìrìn alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó.

Àwọn òbí máa ń rò pé ariwo ni gbogbo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ń fà nínú ọkọ̀, pé bí wọ́n bá lè dákẹ́, tí wọ́n sì yí orin wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí mo ti rí jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní pápá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọkọ̀ wíwà, mo máa ń to kóònù sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ọkọ̀ gba àárín wọn kọjá, kí ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi ìlà funfun. Bó bá jẹ́ èmi àti òun nìkan, ojú rẹ̀ a máa lọ sí dígí ìwẹ̀yìn lóòrèkóòrè láti wo ohun tó ń bọ̀. Bí mo bá jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wọlé sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sí dígí yẹn, bóyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pàápàá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ń wò mọ́. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tó gbà yí kọ́nà yẹn wú wọn lórí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó sáré, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, ó ti ń tẹná láìmọ̀, ibi ìlà funfun tó ti ń dúró sí dáadáa tẹ́lẹ̀, taya iwájú a ti kọjá rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ èyí wò lọ́nà tí èmi kò lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò ní pápá. Lọ́dún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ti Yunifásítì Temple ní ìlú Philadelphia jábọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn ta géèmù ọkọ̀ wíwà lórí kọ̀ǹpútà, géèmù tí ń dán ẹni wò bóyá yóò dúró nígbà tí iná ojú ọ̀nà bá fẹ́ di pupa tàbí yóò fi ẹ̀mí wewu díẹ̀ sí i. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 22, àti àwọn tó ti pé 24 sókè. Nígbà tí oníkálukú dá ta á, ìwà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró tì wọ́n, ewu tí àwọn ọmọdé inú wọn ń dá lé di ìlọ́po méjì, ti àwọn ọmọ ọdún 18 sí 22 fi bí ìdajì lé sí i, ti àwọn àgbà kò yí padà. Ní 2011, Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ti ń ta irú géèmù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn ń wo àwọn, apá ibi tí ọpọlọ ti ń mọ adùn èrè ló máa ń ta kìjí. Ọmọ ọdún 21 tiyín wà nínú ọ̀wọ́ kejì, ìyá wa. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọpọlọ ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń lò, ọpọlọ náà sì ka ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sí nǹkan ńlá.

Ó wá ku ìgò kan. Ìgò bíà ńlá ti ilẹ̀ wa ń gba sẹ̀ǹtílítà 60, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ògidì ọtí tó tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ògidì ọtí inú ìgò kan súnmọ́ gíráàmù 24. Ọkùnrin tó wọn kílógíráàmù 70, tó mu ún tán kíákíá láìtíì jẹun, lè ní ògidì ọtí tó tó gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ìrìnnà ilẹ̀ Nàìjíríà fi òpin sí fún awakọ̀. Ìgò kan péré tí ọmọ yín fi ọkàn balẹ̀ lé lórí ti gbé e dé ẹnu ààlà. Bí kò bá wọn tó 70, ó ti kọjá rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sanra, tó mu ìgò kan náà, yóò kọjá rẹ̀ jìnnà, nítorí omi tó wà nínú ara obìnrin máa ń kéré sí ti ọkùnrin tí wọ́n jọ wọn iye kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ìṣirò yìí ṣe òdiwọ̀n iye tí òun lè mu kí òun tó wakọ̀. Oúnjẹ, oorun, oògùn àti bí ara oníkálukú ti rí ń yí i padà. Mo kàn mú un wá kí ẹ lè rí i pé "ìgò kan" kì í ṣe nǹkan kékeré bí orúkọ rẹ̀ ti ń dún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò parọ́, àmọ́ òfin mìíràn àti ìgò mìíràn ló ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, mílígíráàmù 80 nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, ìyẹn gíráàmù 0.8 nínú lítà kan, ni òpin, ó sì ga ju tiwa lọ. Scotland tí wọ́n jọ wà ní erékùṣù kan náà ti já tirẹ̀ sí 50 láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, ìyẹn sì dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Ìgò bíà tí wọ́n sábà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 33, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì ìgò ńlá ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá gbé òfin ọ̀hún wá sílé, tó sì fi ìgò ilé wọ̀n ọ́n, ti ṣèèṣì lẹ́ẹ̀mejì. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà òfin kì í ṣe ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1964 tí Robert Borkenstein, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí, ti jábọ̀ ìwádìí tó ṣe ní ìlú Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni a ti mọ̀ pé ewu ìjàmbá ń ga sí i bí ọtí ti ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé iye ọtí kan náà ń mú ewu tó ju ti àgbàlagbà lọ bá awakọ̀ ọ̀dọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ààlà tó ga sílẹ̀ fún àgbàlagbà, fi ní òfin ọ̀tọ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 21, pé kí wọ́n má ṣe ní ju ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan lọ lára bí wọ́n bá ń wakọ̀.

N kò sọ pé ọmọ yín ń parọ́ nípa ìgò kan, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bi í léèrè bí ó ṣe ń kà á. Lóde ọjọ́ òní, ìgò bíà nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ ń kà. Ife kékeré ọtí líle tí wọ́n fi kí ara wọn káàbọ̀, ọtí inú ọ̀rá, paraga, ọtí egbòogi, àti ọtí líle tí wọ́n po mọ́ ohun mímu tí ń lé oorun lọ, gbogbo ìwọ̀nyẹn kì í wọ inú ìṣirò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ó ń mú kí ojú awakọ̀ là kedere nígbà tí ọtí ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Ẹni tí oorun bá kùn lè gbà láti sùn síbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là, yóò ní ara òun yá, yóò gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà tí ọtí ń gbà ṣiṣẹ́ ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí pé kí wọ́n rí awakọ̀ tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kí wọ́n tó sọ pé ọtí ti wọ̀ ọ́ lára. Kó tó dé ibẹ̀, ọtí ti kọ́kọ́ mú ohun tí ènìyàn fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò lọ: ìṣọ́ra, ìfòyà tó yẹ, àti agbára láti mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe òun. Nítorí náà, bíbi ẹni tó ti mu ún léèrè bóyá ó lè wakọ̀ kò wúlò rárá, ohun tí yóò fi dáhùn ni ọtí ti kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kò ní í lè pín ọkàn rẹ̀ sí nǹkan méjì mọ́: bó bá tẹ ojú mọ́ tírélà iwájú, kò ní í rí ọlọ́kadà tí kò tanná ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé orí bíréèkì. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́, ọkọ̀ ti lọ mítà 11 sí i kí bíréèkì tó mú. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ tí wọ́n fi ewé ṣe àmì sí lẹ́yìn lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í fún ènìyàn ní mítà 11 yẹn.

Àwọn ohun tí wọ́n ń sọ pé ó ń pa ọtí kù náà wà. Omi tútù lójú, kọfí, orógbó, epo pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, ìwẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì: kò sí èyí tó ń yọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nínú gbogbo wọn. Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ ṣáájú lè mú kí ọtí má tètè gun orí, ìyẹn ni gbogbo ohun tó lè ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí, ìwọ̀n tirẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé, nǹkan bíi gíráàmù 0.15 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹnikẹ́ni kò lè kán an lójú. Ìgò ńlá kan ń gba ju wákàtí mẹ́ta lọ. Mẹ́ta nínú wọn lè gba bíi wákàtí mẹ́wàá láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ẹ fi ìyẹn wo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yín: bó bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, tí ó sì mu ìgò mẹ́ta, ọtí lè ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé yín lọ sí ìsìn agogo méje, bó tilẹ̀ ti sùn, tó ti wẹ̀, tó sì ti fọ ẹnu.

Nísinsìnyí, ẹ so ọtí pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rẹ́. Ọtí ń dín ohun tó ń dá a dúró kù, àwọn ọ̀rẹ́ ń fi kún ohun tó ń tì í síwájú, wọ́n sì ń ṣe é lákòókò kan náà. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ti mu, nítorí náà kò sí ojú kejì kankan tí ó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ yẹn. Ojú márùn-ún tó ti mu ló wà níbẹ̀. Àwọn gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó mọ́ mi létí: "Ọmọ, tẹná!", "Ṣé ò ń wakọ̀ ni àbí ò ń tì í?", "O máa jẹ́ kí ọkọ̀ kéréje yẹn kọjá wa?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ojú ẹni tó ń wakọ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ sí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ dá ṣáká lè rẹ́rìn-ín padà kó má ṣe dá wọn lóhùn. Ẹni tí ìgò kan ti gun orí rẹ̀ yóò dáhùn pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ: àwọn tó jókòó sẹ́yìn kì í so bẹ́líìtì. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹni tí kò so bẹ́líìtì lẹ́yìn a fò lu ìjókòó iwájú, ó sì lè pa ẹni tó so tirẹ̀ síbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Àwọn iye nípa ikú nínú ìjàmbá tí mo mú wá láti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ọdún 16 àti 17 ni wọ́n kàn, lórí ọ̀nà tí kì í ṣe irú tiwa. Ọmọ yín ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ó sì ti ń wakọ̀ fún ọdún méjì, ìyẹn lè dín ewu rẹ̀ kù. Òkùnkùn ojú ọ̀nà tiwa, kòtò, àti tírélà tí kò níná lẹ́yìn lè dá a padà. N kò ní í sọ fún yín pé ìlọ́po báyìí ni tirẹ̀. N kò sì mọ ọmọ yín fúnra mi: àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rẹ́ bá ti wọkọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ra sí i, wọ́n sì ń bínú sí ẹni tó bá ní kí wọ́n sáré. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ọtí ń rùn lára rẹ̀, tí kò lè lọ sóde kan láìmu, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọkọ̀, dókítà tàbí olùtọ́nisọ́nà ni kí ẹ bá sọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ ní ìdí láti bẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàmbá ojú pópó ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ lágbàáyé. Bí ọmọ yín bá tún padà wálé pẹ̀lú ọtí lára lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀, èmi náà á gba kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, láìbínú, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò gbà á padà tí a ti sọ síta. Àmọ́ kí a gbà á títí láé, níbi tí a bá ti ń bá ọmọ ọdún 21 lò, mo ti rí ibi tó ń já sí: àwọn ọ̀rẹ́ náà ń jáde lọ síbẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé, ẹni tí ẹ kò mọ̀ ló ń wà á, ọmọ yín sì ń jókòó sẹ́yìn láìso bẹ́líìtì. Ẹ ti yọ ọ́ kúrò níbi ìwakọ̀, ẹ kò yọ ọ́ kúrò nínú ewu. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe, bíi New Zealand láti 1987 àti ìpínlẹ̀ Florida láti 1996, ni pé wọ́n ń fún awakọ̀ titun ní òmìnira díẹ̀díẹ̀: alẹ́ kọ́kọ́ di èèwọ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n sì dín iye ọ̀rẹ́ inú ọkọ̀ kù, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìwé àṣẹ tiwa kò ní irú ìpele bẹ́ẹ̀; ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tó sì gbà á lè kó èrò kún ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì lè wà ní gbogbo oríta ní agogo méjì òru. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ lẹ lè fi ìpele yẹn sílẹ̀.

Bí èmi bá ni, àdéhùn tí mo máa bá a ṣe á dá lórí ohun tí ojú lè rí, kì í ṣe lórí "ṣọ́ra o". Lálẹ́ tó bá máa wa ọkọ̀ yín, kò ní í fẹnu kan ọtí rárá, kódà kí ó jẹ́ ìdajì ìgò, nítorí òdo rọrùn láti mọ̀ ju ìgò kan lọ. Lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni yóò wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i irú ẹni tí yóò jẹ́: ọ̀rẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tó lè sọ fún un pé kó rọra. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn fẹ́ mu, kí wọ́n gba Bolt tàbí Uber, kí wọ́n dá owó rẹ̀ jọ. Mo mọ̀ pé lálẹ́ ní Ìbàdàn kì í rọrùn láti rí ọkọ̀ ní gbogbo àdúgbò, pé ẹ̀rù àwọn olè sì wà, nítorí náà kí sísùn sí ibi tí wọ́n wà jẹ́ ohun tí ẹ ti fọwọ́ sí kí ó tó jáde. Fífohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn pé kí ẹnì kan má mu kó lè wakọ̀ dára, bí wọ́n bá ti mú ẹni náà kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ ìparí òde ni wọ́n ń wá a, ẹni tó mu kéré jù ni wọn yóò mú, òun náà sì ti mu. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà àti eré tó ń sá lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kò lè gbóòórùn ẹnu.

Èyí tó nira jù lọ fún àwọn òbí wa ni ti fóònù. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1981 gbé ìwé àdéhùn kan jáde láàárín ọmọ àti òbí: ọmọ yóò pè nígbàkígbà tí òun tàbí ẹni tó ń wà á bá ti mu ọtí, òbí yóò wá gbé e tàbí sanwó ọkọ̀, kò sì sí ìbéèrè tàbí ìbáwí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rí létí wa. A ó ní ṣé kí ọmọ máa mutí kiri kí n sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Àmọ́ ẹ rò ó wò: ní agogo kan òru, ọmọ tó mọ̀ pé bí òun bá pè, bàbá òun yóò fi ẹ̀gàn pàdé òun, kò ní í pè. Ìbáwí lè dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo yín bá ti jẹun.

Ní ti ìgbéyàwó Ìjẹ̀bú-Òde, n kò ní í fọwọ́ sí i bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Yálà wọ́n gba òpópónà márosẹ̀ dé Ṣàgámù kí wọ́n tó yà, tàbí wọ́n gba Ìdí-Ayùnrẹ́, òkùnkùn ni wọn yóò bá bọ̀ wálé lẹ́yìn àríyá tí ọtí ti ṣàn, ẹni márùn-ún nínú ọkọ̀ kan, tí oorun sì ti ń kun gbogbo wọn. Ẹ bá àwọn ẹbí ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀ nísinsìnyí kí wọ́n wá ibi tí wọn yóò sùn sí, kí wọ́n má sì kúrò kí ọjọ́ kejì tó lé dáadáa, nítorí ìṣirò wákàtí mẹ́wàá yẹn. Bí ibi ìsùn kò bá sí, kí wọ́n dá owó jọ gba awakọ̀ àgbàlagbà tí kò ní í mu, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò ní ọ̀sán kí wọ́n sì tètè padà. Bí ọmọ yín bá kọ gbogbo rẹ̀, kí ọkọ̀ dúró sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà nìkan, kí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀rù ń bà.